Eruku Kejì

Ọdún méjìdínlógójì ni Ithel Pritchard fi la òkúta
lókè Blaenau, níbi tí òjò kì í ti kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.
Òkúta aláwọ̀ eérú, ó ń là á pẹlẹbẹ bí ẹni ń ṣí ìwé,
ó ń là á kí òrùlé ẹlòmíràn má baà jò.
Eruku ń dìde. Eruku ń wọlé. Kò sẹ́ni tó kà á sí.

Lónìí Taid, bẹ́ẹ̀ ni àwa ọmọ ọmọ rẹ̀ ń pè é,
kò lè gun àtẹ̀gùn mẹ́rin láì jókòó sórí ìkẹta.
Àyà rẹ̀ a máa súfèé kí òun fúnra rẹ̀ tó sọ̀rọ̀.
Ìfé náà ni ológbò fi ń mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Èmi, Nest, ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun ni mo ti ń jẹun.
Kì í ṣe ìyẹ̀fun búrẹ́dì.
À ń lọ oògùn, à ń lọ̀ ọ́,
títí ẹyọ kan rẹ̀ yóò fi bọ́ lọ́wọ́ ojú.
Bó bá tóbi jù, ọ̀nà ọ̀fun ni yóò fìdí kalẹ̀ sí;
bó bá kéré jù, yóò bá èémí wọlé, yóò bá èémí jáde,
bí àlejò tí kò bọ́ bàtà.
Ìwọ̀n tó wà láàárín yẹn ni mo ń fi ọjọ́ ayé mi wá.

Ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kì í sì í dá rìn.
A fi ṣúgà inú wàrà pọ̀n ọ́n:
hóró ṣúgà gbọ̀ngbọ̀n, ọmọ oògùn lẹ́yìn rẹ̀,
kò sí ọ̀já, fífara-mọ́ra lásán ni.
Afẹ́fẹ́ ẹnu ni yóò tú ọmọ sílẹ̀.
Ìyá á dúró lọ́nà ọ̀fun, á dùn díẹ̀ lórí ahọ́n;
ọmọ á máa lọ sí ẹ̀ka, sí ọmọ ẹ̀ka,
dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ra afẹ́fẹ́.
Kì í ṣe àgúnmu, a kì í pò ó mọ́ ẹ̀kọ.
Ẹ jẹ́ kí n pè é ní àgúnfà.

Kò sí gáàsì nínú ike náà, kò sí bátìrì.
Ta ni yóò wá gbé oògùn rìn? Aláìsàn fúnra rẹ̀.
Ohun tó dùn mí nìyẹn, tí n kò kọ sínú ìwé iṣẹ́:
ẹni tí èémí wọ́n fún la ní kó fi èémí wá èémí,
bí ẹni ní kí olóùngbẹ kọ́kọ́ pọn omi wá.

Nọ́ọ̀sì Mererid ló kọ́ ọ.
"Mí síta, yí ẹnu kúrò lára ike. Gbé ètè mọ́ ọn.
Fà á, kó yá, kó le,
bí èyí tó o fà nígbà tí omi odò tútù kàn ọ́ láyà.
Dì í mú. Kà dé mẹ́wàá."
Taid mí sínú ike. Ìyẹ̀fun gba ọ̀rinrin, ó dì ní kókó kókó.
Kápúsù kan ṣòfò. Ó ní kí n má bínú.
Èmi tí mo mọ iye òru tí kápúsù kan gbà!
Ó tún un ṣe. Ó fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó wúkọ́.
Ó tún un ṣe.
Lẹ́ẹ̀kẹrin, nǹkan dún nínú ike, wìrìrì,
kápúsù ń jó nínú yàrá rẹ̀.
Ó fi ìka ka iye. Ó dé mẹ́fà.
"Ó dùn," ó wí, "bí wàrà."

Ó fi omi yọ ẹnu, ó tu ú.
Ìgbà náà ló béèrè ohun tí mo ti ń bẹ̀rù:
"Nest, eruku ló wọlé nígbà yẹn, kò jáde mọ́.
Èyí ńkọ́?"
Mo ní èyí a máa yọ́. Òkúta kì í yọ́.
Mo ní kò lè lé ti àkọ́kọ́ jáde,
ó kàn ń ṣílẹ̀kùn ọ̀nà tó kù ni.
Ó wo ojú fèrèsé. Òjò ń rọ̀ sórí òrùlé gbogbo ìlú,
òkúta tí òun là. Kò sí èyí tó ń jò.

Lálẹ́, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.
Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta.
Mo ń retí ìjókòó.
Ológbò náà gbé etí sókè.